Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Wọ́n Tún Ta Ogún Northampton: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Káńsù West Northamptonshire

Sí Olórí Káńsù àti gbogbo káńsẹ́lọ̀ West Northamptonshire,
One Angel Square, Northampton.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, Northampton, ìlú kan ní England, ni mo sì ti ń gbé láti ọdún 2007. Ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ń san owó káńsù. Èdè abínibí mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé àwa Yorùbá tí a ń gbé ìlú yìí kò kéré níye, púpọ̀ nínú wa ni kò sì mọ ohun tí ojú ìlú tí ọmọ wa ń dàgbà sí yìí ti rí. Èyí tí mo kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ohun méjì ni ó mú mi gbé kálámù. Èkíní ni ohun tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe: ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2014, Northampton Borough Council lu ère Sekhemka, ère Íjíbítì tí ó ti wà ní ìkáwọ́ ìlú láti nǹkan bí ọdún 1880, ní gbàǹjo ní ilé Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù, ní £15.76 mílíọ̀nù. Èkejì ni ohun tí èmi kò tíì gbọ́ láti ẹnu yín, ẹ̀yin tí ẹ gba ipò wọn: ìlérí tí ó ní agbára òfin pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ohun tí a kì í sọ. Mo fẹ́ kí a sọ ọ́.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni í yá a lára láti tà á. Ní ọdún 1189 ni Ọba Richard Kìíní fún Northampton ní ìwé àṣẹ tí ó jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa bójú tó ọ̀ràn ara wọn. Ní 1215, nígbà Ọba John, ìlú náà ní méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ ẹni 12 tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1164, inú ilé olódi Northampton ni Ọba Henry Kejì ti pe Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, lẹ́jọ́, kí ó tó di pé ọkùnrin náà sá lọ sí Faransé. Ní 1380, ìlú yìí kan náà ni àwọn aṣòfin jókòó sí tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó orí tí ó mú kí àwọn mẹ̀kúnnù dìde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Lónìí, ibùdókọ̀ ojú irin ni ó wà níbi tí ilé olódi náà wà. Ọba Charles Kejì ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n wó o ní 1662, nítorí pé ìlú gbè sẹ́yìn ilé aṣòfin nígbà ogun abẹ́lé. Èyí tí ó ṣẹ́kù, àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wó o ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń gba orí rẹ̀ kọjá láràárọ̀ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1675, iná bẹ́ sílẹ̀ nítòsí ilé olódi náà, atẹ́gùn sì gbé e. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ó ti jó ilé bí 600, ó sì kó àáríngbùngbùn ìlú lọ. Ẹ wo ilé kan tí wọ́n ń pè ní Welsh House ní ojú ọjà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1595. Ibẹ̀ ni àwọn tí iná ká mọ́ inú ọjà gbà sá jáde. Bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ láti wo ara rẹ̀, nítorí pé ilé kan ni ó dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí lọ́jọ́ náà, ó sì ṣì wà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iná náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ilé aṣòfin ṣe òfin tí yóò mú kí àtúnkọ́ ìlú rọrùn. Àwọn ènìyàn láti ìlú mìíràn dá owó. Ọba Charles kan náà tí ó wó ilé olódi fún ìlú ní 1,000 tọ́ọ̀nù igi láti inú igbó ọba, ó sì fa owó orí ààrò wọn nù fún ọdún méje. Ìdí nìyí tí ère rẹ̀ fi dúró lórí ìloro ìjọ All Saints, tí a sì ń fi ewé igi óákù dé e lórí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nínú eérú náà ni Sessions House, ilé ẹjọ́ ẹkùn. Ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná wá ilé tí a ó ti máa dájọ́ kí ó tó wá ọ̀ṣọ́. Ó ti ju 300 ọdún lọ báyìí, ilé náà sì ṣì wà.

Guildhall náà ń kọ́? Edward William Godwin ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1864. Ẹ gbé ojú sókè wo iwájú rẹ̀: àwọn ọba àti ayaba tí a gbẹ́ sí òkúta dúró lórí ìlà, Richard tí ó fún ìlú ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, Victoria wà níbẹ̀. Ìlú àwọn aránbàtà àti àwọn oníṣòwò awọ ni ó kọ́ ilé yẹn, nítorí bàtà ni iṣẹ́ ìlú yìí nígbà náà. Wọn kò kọ́ ọ fún ara wọn nìkan.

2. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Sekhemka. Mo rí ère náà lójú ara mi kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú gíláàsì. Kò ga ju ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, bí sẹ̀ǹtímítà 75. Òkúta ẹfun ni, ó sì lé ní 4,000 ọdún. Akọ̀wé ààfin ni Sekhemka. Ó jókòó, ó tẹ́ ìwé òrépèté sórí itan, orúkọ àwọn ohun ìrúbọ sì wà lára ìwé náà. Ìyàwó rẹ̀, Sitmerit, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kéré gan-an sí i, ó sì fi ọwọ́ kan gbá ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ọmọ tèmi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, bi mí pé, ṣé obìnrin yẹn kò fẹ́ kí bàbá náà lọ ni. N kò mọ èsì tí mo fún un. Ọwọ́ obìnrin náà lára ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni mo rántí, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Máákúìsì Kejì ti Northampton, ìjòyè ilẹ̀ England kan, ni ó mú un bọ̀ láti Íjíbítì, níbi tí ó ti rìnrìn àjò ní 1849 sí 1850. Ìdílé rẹ̀ ni ó fún ìlú. Nígbà tí káńsù pinnu láti tà á, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdílé náà lórí ìwé ẹ̀bùn tí wọ́n fi fún ìlú. Báwo ni wọ́n ṣe parí rẹ̀? Wọ́n pín owó tí ó kù lẹ́yìn tí ilé gbàǹjo yọ tirẹ̀: ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí £8 mílíọ̀nù, fún káńsù, ìpín 45 fún Máákúìsì tí ó wà lórí oyè nígbà náà. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Bí ohun kan bá wà nínú ìwé ẹ̀bùn tí ó tó láti mú kí ìdílé ẹni tí ó fúnni gba £6 mílíọ̀nù, a jẹ́ pé ohun náà tó láti dá títà dúró. Ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn kì í pe ọmọ ẹni tí ó fún un pé kí ó wá bá òun pín owó rẹ̀.

Àwọn ará ìlú fẹ̀hónú hàn. Ìjọba Íjíbítì fẹ̀hónú hàn. Ìjọba Britain dá ìjáde rẹ̀ dúró títí di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2016 kí ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè yìí lè rí owó rà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ? A kò sọ orúkọ ẹni tí ó rà á fún àwa tí a ni ín tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà kan tí ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn orí idẹ jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum títí di òní. Mo mọ bí ó ti rí kí ènìyàn wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú kí ó tó lè wo ojú ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé Northampton ni ó ni Sekhemka ju Íjíbítì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tí ó gba ohun ẹlòmíràn tọ́jú, tí ó sì tì í sínú ilé ẹni tí kò ní orúkọ, ti ṣẹ Íjíbítì, ó sì ti ṣẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú.

3. Àwọn káńsù ní nítorí àtúnṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú, níbi tí ère náà wà tẹ́lẹ̀, ni àwọn fi tà á. Òótọ́ ni pé ilé náà, ní Guildhall Road, ti gbòòrò, wọ́n sì tún un ṣí ní 2021. Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àkójọ bàtà ibẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀ ní ayé, mo sì ń yangàn nípa rẹ̀. N kò bínú sí ilé tí ó dára.

Ṣùgbọ́n kí ni ìlú san fún un? Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ta ère, Arts Council England, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ ọnà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní England, gba ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Northampton, wọ́n sì ní ó di oṣù Kẹjọ 2019, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè tún béèrè fún un. Láìsí ìwé ẹ̀rí yẹn, ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ tì nígbà náà. Yàtọ̀ sí owó, ta ni yóò tún fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn? Bí ìyá arúgbó kan bá ní bàtà tí bàbá rẹ̀ rán ní ilé iṣẹ́ kan ní 1920, tí ó fẹ́ kó o fún ìlú, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ìlú yóò tà á lọ́la. Ìbéèrè yẹn ni mo ń bá a béèrè.

4. Owó tí a tìtorí rẹ̀ ta ogún kì í pẹ́ tí í tán, ẹkùn yìí sì ti rí i. Káńsù ẹkùn, Northamptonshire County Council, kọ́ One Angel Square tí ẹ jókòó sí ní £53 mílíọ̀nù, wọ́n ṣí i ní 2017. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, kò tíì pé ọdún kan, ọ̀gá tí ń bójú tó owó káńsù fi ìwé ìkìlọ̀ tí òfin ń pè ní abala 114 síta pé kò sí owó mọ́, kí wọ́n dá gbogbo ìnáwó tuntun dúró. Ní ọdún kan náà, wọ́n ta ilé tuntun náà, káńsù sì di ayálégbé nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ìjọba rán olùyẹ̀wò wá, lẹ́yìn náà ó rán àwọn alámòójútó. Wọ́n fẹ́ ti ilé ìkàwé 21 pa nínú 36. Ó di ilé ẹjọ́ gíga, ní oṣù Kẹjọ 2018, kí adájọ́ tó sọ pé ìpinnu náà kò bá òfin mu.

Káńsù ìlú, Northampton Borough Council, náà kò yàtọ̀. Wọ́n yá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Northampton Town ní £10.25 mílíọ̀nù kí wọ́n fi tún pápá ìṣeré Sixfields ṣe. Iṣẹ́ dá dúró láìparí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà kò sì padà. Owó yẹn ju ìpín tí ìlú rí lórí Sekhemka lọ. Mo fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí àwọn tí wọ́n bá tún sọ fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a ta nǹkan lọ lè rí i pé ọ̀nà mìíràn wà: kí a má ṣe sọ owó nù.

5. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìjọba pa káńsù mẹ́jọ tí ó wà ní Northamptonshire rẹ́, wọ́n fi méjì rọ́pò wọn. Ẹ̀yin jẹ́ ọ̀kan nínú méjì náà. Lọ́jọ́ yẹn ni Northampton Borough Council, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìwé àṣẹ 1189, parí. A dá Northampton Town Council sílẹ̀, òun ni ó sì ń yan méyọ̀ báyìí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ipò méyọ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dúkìá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ̀lú, ọwọ́ yín ni ó bọ́ sí, ìyẹn ni pé káńsẹ́lọ̀ tí ó wá láti Daventry tàbí Brackley lè dìbò lórí ohun tí àwọn aránbàtà Northampton kó jọ. N kò sọ pé wọn kì í ṣe ènìyàn rere. Mo ń sọ pé ẹni tí ogún kò ti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ní òfin tí yóò máa rán an létí pé ti ẹlòmíràn ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí wà. Olórí ẹbí ni ó ń bójú tó o, òun ni ó ń pín in fún ẹni tí yóò kọ́lé, òun ni ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Bí ó bá dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè yí títà náà padà. Ẹbí ni ó ni ín, àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè, àti àwọn tí a kò tíì bí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tí ó ju èyí lọ láti fi ṣàlàyé ohun tí káńsù jẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, n kò rí i. Alágbàtọ́ ni yín.

6. Nítorí náà, èyí ni ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tẹ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ yín nítorí ìlú Northampton jáde, yálà ó wà níta fún wíwò tàbí ó wà nínú àpótí, kí ẹ sì kọ ẹni tí ó fúnni àti ọdún tí ó fi í fúnni sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìwé ẹ̀bùn bá wà, kí a lè kà á. Ká ní àwọn ará ìlú ti ka ìwé ẹ̀bùn Sekhemka ní 2012, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí.

Kí ẹ ṣe ìpinnu ní ìjókòó gbogbo káńsù pé ẹ kò ní ta ohunkóhun nínú àkójọ náà láti rí owó, ohun yòówù kí ìnira owó jẹ́. Àti pé bí ìdí mìíràn bá wà tí ohun kan fi gbọ́dọ̀ kúrò, bíi kí ó padà sí ilẹ̀ tí ó ti wá, Northampton Town Council yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, a ó sì fún àwọn ará ìlú ní oṣù mẹ́fà láti sọ èrò wọn. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin káńsù yín, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí ẹ̀yin náà kò ní wà níbẹ̀ títí láé. Káńsù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 lè di èyí tí wọ́n yóò tún pa rẹ́.

Kí ẹ ṣe ìṣirò £8 mílíọ̀nù tí ìlú rí, pọ́ùn kan lórí òmíràn, láti ọdún 2014 títí di òní, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kà á.

Kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún Sekhemka nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ àti àlàyé tí ó sọ òtítọ́: ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó mú un wá, iye tí wọ́n tà á, ìyà tí wọ́n fi jẹ ìlú lórí rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá. Ọmọ mi ti dàgbà, ó sì ti gbàgbé ìbéèrè tí ó bi mí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ń bọ̀ tí wọn kò ní mọ̀ pé obìnrin òkúta kan ti kúnlẹ̀ rí nínú ilé yẹn tí ó gbá ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo ń retí èsì yín kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí a ó tún fi ewé óákù dé ère Ọba Charles lórí. Mo máa wà níwájú All Saints lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ Yorùbá kan, olùgbé Northampton.